Bí A Ṣe Ń Yan Iṣan Tí Wáyà Ẹ̀rọ Amúọkànlù Yóò Gbà Dé Inú Ọkàn

Wáyà tí dókítà bá tì sínú ọkàn aláìsàn lónìí lè wà níbẹ̀ fún ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àkókò yẹn, a lè ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tí bátìrì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n wáyà àkọ́kọ́ yóò ṣì wà lójú kan, nínú iṣan kan náà tí a gbà tì í wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé yíyan iṣan wà lára ìpinnu tó wúwo jù lọ nínú iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ amúọkànlù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní pacemaker, sára ènìyàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń yàn án, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni aláìsàn yóò fi gbé e.

Àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ X-ray tó ń dúró tì wọ́n. Aláìsàn tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí òun lè kà á pẹ̀lú. Ìtọ́sọ́nà yìí kò lè gba ipò ọ̀gá tó mọ iṣẹ́, tó yẹ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ dání.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn padà sí ọkàn

Iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, iṣan àbọ̀ ló sì ń gbé e padà. Iṣan àbọ̀ ni wáyà ń gbà, nítorí pé ipá ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò le, ó sì já sí apá ọ̀tún ọkàn, níbi tí a ti fẹ́ kí orí wáyà dúró sí.

Ẹ fojú inú wo odò kan tó ń ṣàn bọ̀ láti apá. Nígbà tó bá dé abíyá, axillary ni orúkọ rẹ̀. Bó bá ti kọjá etí òde eegun ìhà kìíní, tó sì wọ abẹ́ eegun tó dábùú láti àárín àyà dé èjìká, èyí tí a ó máa pè ní clavicle, orúkọ rẹ̀ á yí padà di subclavian. Odò kan náà ni, ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà ni ewu rẹ̀ náà ti yí padà: abẹ́rẹ́ tó bá bá a ní axillary ṣì wà lóde àyà, èyí tó bá bá a ní subclavian ti súnmọ́ ẹ̀dọ̀fóró pẹ́kípẹ́kí. Odò kékeré kan tún wà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òde apá bọ̀, tó gba àárín ẹran èjìká àti ẹran àyà kọjá, tó sì ya wọ inú axillary. Èyí ni cephalic. Subclavian yóò pàdé iṣan ọrùn, àwọn méjèèjì yóò di brachiocephalic, ti òsì àti ti ọ̀tún yóò sì parapọ̀ di superior vena cava tó já sínú yàrá òkè ọ̀tún ọkàn.

Ẹ yan ọ̀nà kí ẹ tó mú ọ̀bẹ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí dókítà dé ibi iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo lórí, ọ̀nà tó mọ́ ọn lọ́wọ́, kó sì wá rí i lẹ́yìn tó ti la ara pé ọ̀nà náà ti dí. Ẹ lọ bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ bi í léèrè. Ṣé wọ́n ti fi wáyà tàbí ọ̀pá ìgbà-oògùn sínú iṣan ńlá rẹ̀ rí? Ṣé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú àyà rẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ṣì dára. Ṣé ó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, àbí ó lè nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú? Apá tí wọ́n ti so iṣan pọ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ gba wáyà, nítorí pé bí iṣan tó wà lókè rẹ̀ bá fún, apá náà yóò wú, ọ̀nà tí ẹ̀mí aláìsàn náà gbẹ́kẹ̀ lé yóò sì bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó bọ́ ẹ̀wù, kí ẹ wo àyà àti èjìká rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí iṣan kéékèèké bá ti wú, tí wọ́n sì hàn ketekete ní iwájú àyà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí apá kan tóbi ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí iṣan ńlá tó wà nísàlẹ̀ ti dí, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Àyẹ̀wò ojú yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, síbẹ̀ òun ni a máa ń gbójú fò jù.

Nípa ẹ̀gbẹ́ tí a ó lò, òsì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń yàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ìtẹ̀kọ́rọ́ wáyà láti òsì lọ sínú ọkàn sì rọ̀ ju ti ọ̀tún lọ, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ lójijì. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tó lè fi iná gbá ọkàn padà sípò nígbà tó bá ń gbọ̀n, òsì tún dára sí i, kí iná náà lè la ọkàn já dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo ọwọ́ òsì, tàbí tó ń gbé ìdí ìbọn lé èjìká òsì, tàbí tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ń mú kó máa gbé ẹrù sí èjìká náà, ẹ gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Òun ni yóò máa gbé e kiri.

Cephalic: iṣan tí a ń fi ojú rí

Ìtọ́sọ́nà tí European Society of Cardiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù, gbé jáde ní ọdún 2021 lórí ẹ̀rọ amúọkànlù sọ pé kí a ro cephalic tàbí axillary gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àkọ́kọ́. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú cephalic, nítorí pé òun ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ewu fún ẹ̀dọ̀fóró rárá: kò sí abẹ́rẹ́ tó ń wá iṣan kiri nínú òkùnkùn, ojú la fi ń rí iṣan, ọwọ́ la sì fi ń mú un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un ní oògùn tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, ẹ la ara ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, ní ìsàlẹ̀ clavicle, níbi tí ẹran èjìká àti ẹran àyà ti pàdé. Ẹ fi ìka wá kòtò tó wà láàárín àwọn ẹran méjèèjì, kí ẹ sì wá ọ̀rá tó pọ́n bí òróró nínú kòtò náà. Abẹ́ ọ̀rá yẹn ni cephalic máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ má fa ẹran ya. Ẹ rọra yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ tú iṣan náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2. Ẹ di òkè òde rẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀ láti apá, pinpin pẹ̀lú okùn, kí ẹ sì fi okùn mìíràn yí apá tó lọ sí ọkàn ká láìdì í. Nígbà náà ni kí ẹ fi àlùmọ́gàjí kékeré gé ojú iṣan díẹ̀, kí ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ sì ti wáyà wọlé.

Níbi tí cephalic ti ya wọ inú axillary ni wáyà ti máa ń há, nítorí pé ibẹ̀ ṣẹ́, fáàfù sì lè wà níbẹ̀. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ kọ́kọ́ rán wáyà atọ́nà, ìyẹn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣáájú wáyà ẹ̀rọ, irú èyí tó ń yọ̀ nígbà tó bá lómi lára, wọlé, kí ẹ fa apá aláìsàn sísàlẹ̀ tàbí kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba oògùn tó ń fi iṣan hàn nínú X-ray wo bí ọ̀nà ṣe rí. Bí aláìsàn bá nílò wáyà méjì, ẹ lè ti ọ̀pá tó ń ya sọ́tọ̀, ìyẹn ọ̀pá oníhò tó ń ya sí méjì kí a lè yọ ọ́ kúrò lára wáyà, wọlé lórí wáyà atọ́nà, kí ẹ sì fi wáyà atọ́nà náà sílẹ̀ nínú iṣan lẹ́yìn tí wáyà àkọ́kọ́ bá ti wọlé, kí èkejì lè gba ojú kan náà.

Cephalic ní àléébù rẹ̀. Nínú àwọn kan ó kéré débi pé wáyà kan kò ní wọ̀ ọ́, nínú àwọn mìíràn kò sí níbi tí a ń retí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ìṣẹ́jú 15 bá ti kọjá tí ẹ kò rí i, tàbí tí ẹ rí i ṣùgbọ́n tó ya, ẹ má ṣe fi ìgbéraga lé e síwájú. Ojú ara tó bá ṣí sílẹ̀ pẹ́ ń fún kòkòrò àrùn láyè. Ẹ kọjá sí axillary láti inú ojú kan náà.

Axillary: ọ̀nà tí mo rọ̀ yín kí ẹ kọ́ dáadáa

Axillary tóbi, ó gba wáyà méjì tàbí mẹ́ta, eegun kankan kò sì fún wáyà níbẹ̀. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa fi abẹ́rẹ́ bá a láìgún ẹ̀dọ̀fóró tàbí iṣan àlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta sì ni a lè gbà ṣe é.

Àkọ́kọ́, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ni ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara. Ẹ fi àpò nylon tí kò ní kòkòrò àrùn bo orí ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ clavicle lápá òde, kí ẹ sì wá ìyípo dúdú méjì. Èyí tó bá pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni iṣan àbọ̀. Èyí tí kò pẹlẹbẹ, tó ń lù kìkì, ni iṣan àlọ. Ìlà funfun tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ bí aláìsàn ṣe ń mí ni awọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà kí ẹ tó ti abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ yan ibi tí eegun ìhà wà lábẹ́ iṣan, nítorí pé bí abẹ́rẹ́ bá kọjá iṣan, eegun ni yóò gbá, kò ní kan ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa wo orí abẹ́rẹ́ títí tí yóò fi wọ inú iṣan. Bí ẹ kò bá rí orí abẹ́rẹ́ mọ́, ẹ dúró; ẹ má tì í síwájú nítorí pé ẹ rò pé ẹ mọ ibi tó wà. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ oní-gauge 21 dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé ihò tó ń dá kéré bó bá ṣìnà.

Ọ̀nà kejì ni kí a lo oògùn ìyàwòrán láti fi iṣan hàn. A ó ti fi ọ̀pá kékeré sínú iṣan apá ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, a ó ta mílílítà 10 sí 20 oògùn náà síbẹ̀, a ó fi omi iyọ̀ lé e, a ó sì wo bí iṣan ṣe tàn nínú X-ray. Kì í ṣe ibi tí iṣan wà nìkan ni ọ̀nà yìí ń fi hàn, ó tún ń sọ fún wa bóyá ọ̀nà ṣí títí dé ọkàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára tàbí tí ara rẹ̀ kọ oògùn náà kò yẹ fún un.

Ọ̀nà kẹta ni kí a máa tẹ̀ lé eegun ìhà kìíní nínú X-ray. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì le: orí abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá etí inú eegun ìhà kìíní láé. Bí a bá yí ẹ̀rọ X-ray sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi dígíríì 35, a lè rí bí abẹ́rẹ́ ṣe jìn tó, èyí tí àwòrán tó dojú kọ àyà tààrà kò lè fi hàn. Ẹni tó bá ń fi èyí ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ rántí pé ìtànṣán ń kan ọwọ́ tirẹ̀ náà.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ẹ rán wáyà atọ́nà wọlé, kí ẹ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú X-ray títí tí yóò fi kọjá ọkàn lọ sínú iṣan àbọ̀ ńlá inú ikùn, ní apá ọ̀tún eegun ẹ̀yìn. Wáyà tó dé ibẹ̀ wà nínú iṣan àbọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Èyí tó bá gba apá òsì eegun ẹ̀yìn lọ lè jẹ́ pé inú iṣan àlọ ló wà. Ó sì lè jẹ́ pé aláìsàn náà wà lára àwọn díẹ̀ tí superior vena cava òsì kù sí lára láti inú oyún, èyí tí kì í ju nǹkan bí ènìyàn 3 sí 5 nínú 1,000 lọ. Títí tí ẹ bá fi mọ èwo ló jẹ́, ẹ má fi ọ̀pá kankan lé wáyà náà lórí. Abẹ́rẹ́ tó gún iṣan àlọ ṣeé yọ, kí a sì tẹ ojú rẹ̀. Ọ̀pá ńlá tó wọ inú iṣan àlọ di ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà jẹ́ ọ̀tá. Aláìsàn tí kò jẹun, tí kò mu omi láti òru, iṣan rẹ̀ á pẹlẹbẹ, bó bá sì mí kanlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lè fà wọ inú ọkàn. Ẹ fún un ní omi sínú iṣan, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ yín kò bá sí lórí wáyà. Ẹni tó ń hanrun nítorí oògùn oorun ni kí ẹ ṣọ́ jù.

Subclavian, àti ìdí tí mo fi fi í sẹ́yìn

Dókítà Sven Seldinger ló ṣàlàyé ní ọdún 1953 bí a ṣe ń fi wáyà atọ́nà rọ́pò abẹ́rẹ́ nínú iṣan, nígbà tó sì di ọdún 1979, Littleford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ọ̀pá tó ń ya sọ́tọ̀ gbé wáyà pacemaker gba subclavian kọjá. Ó yá, ó rọrùn, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì fi kọ́ṣẹ́. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu wọn.

Ṣùgbọ́n wáyà tó gba ibẹ̀ ń kọjá láàárín clavicle àti eegun ìhà kìíní, nínú ẹran àti okùn ara líle tó so àwọn eegun méjèèjì pọ̀. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá gbé apá sókè ni wọ́n ń fún wáyà náà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín jẹ okùn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, awọ wáyà á bó tàbí okùn irin inú rẹ̀ á já, ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e á sì ṣubú láìròtẹ́lẹ̀. Ewu kejì ni afẹ́fẹ́ tó ń wọ àyà nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún ẹ̀dọ̀fóró: nǹkan bí ẹni 1 tàbí 2 nínú 100 ló ń bá pàdé ní ọ̀nà yìí. Ewu kẹta ni pé iṣan àlọ tó wà níbẹ̀ wà lábẹ́ eegun, a kò lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí nìkan tó láti yà kúrò níbẹ̀.

Nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìwádìí BRUISE CONTROL ti ọdún 2013 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ gbá jọ sínú àpò ẹ̀rọ, ìyẹn àyè tí a gbẹ́ sábẹ́ awọ àyà fún ẹ̀rọ, lọ́nà tó le lára 16% àwọn tí wọ́n fi heparin, oògùn abẹ́rẹ́, rọ́pò warfarin, oògùn oníhóró, tí wọ́n ń lò, àmọ́ lára 3.5% péré nínú àwọn tó ń bá warfarin lọ. Ẹ má fi heparin rọ́pò rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ yan ọ̀nà tí a lè tẹ̀, kí ẹ sì lo ultrasound.

Bí subclavian bá di dandan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òde jìnnà bó ti lè ṣeé ṣe. Bí abẹ́rẹ́ bá nira láti tì, tí ẹ ń fi agbára gba inú ẹran líle kọjá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò ṣe nira fún wáyà lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá ojú mìíràn.

Nígbà tí ọ̀nà òkè bá ti dí

Ẹni tó ti ní wáyà tẹ́lẹ̀, tó wá nílò òmíràn, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi oògùn ìyàwòrán wo iṣan rẹ̀ kí ẹ tó ṣí àpò ẹ̀rọ. Wáyà tó ti pẹ́ sábà máa ń jẹ́ kí iṣan fún, nígbà mìíràn á dí pátápátá láìjẹ́ pé apá wú. Bó bá fún lásán, a lè fi bàlúù kékeré fẹ̀ ẹ́. Bó bá dí, a lè yọ wáyà àtijọ́ níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà, kí a sì gba ihò rẹ̀ wọlé, tàbí kí a gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí a sì fa wáyà kọjá lábẹ́ awọ àyà.

Iṣan ọrùn ṣeé lò, ṣùgbọ́n wáyà yóò gba orí tàbí abẹ́ clavicle kọjá. Lórí rẹ̀, ó lè jẹ awọ já. Lábẹ́ rẹ̀, ìṣòro fífún tún padà dé. Iṣan itan ń gbé wáyà dé ọkàn láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a sin sínú ikùn, ṣùgbọ́n wáyà ibẹ̀ máa ń yẹ̀ jù.

Fún ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tí àkóràn ti mú kí a yọ wáyà rẹ̀ rí, ẹ ro pacemaker tí kò ní wáyà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Micra, ọ̀kan lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2016. Iṣan itan ló ń gbà wọlé, nínú ọ̀pá tí ẹ̀yìn òde rẹ̀ jẹ́ French 27, èyí tó túmọ̀ sí mílímítà 9, inú yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún ọkàn ló sì ń gbé, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú iṣan àyà. Fún ọmọ kékeré tí iṣan rẹ̀ kò tíì tóbi, oníṣẹ́ abẹ lè rán wáyà mọ́ ara ọkàn láti òde. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ́ abẹ Åke Senning ṣe fún àgbàlagbà kan ní Sweden ní ọdún 1958, nígbà tó fi ẹ̀rọ tí ẹnjiníà Rune Elmqvist ṣe sára ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ ya àwòrán àyà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ kí wákàtí 24 tó pé, kódà bí aláìsàn bá ń rẹ́rìn-ín tó sì ń mí dáadáa, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú àyà kì í tètè pariwo. Kí ẹ sì kọ sínú fáìlì rẹ̀ iṣan tí ẹ gbà, ẹ̀gbẹ́ wo, iye ìgbà tí ẹ fi abẹ́rẹ́ wá a, ohun tí oògùn ìyàwòrán fi hàn, àti ìdí tí ẹ fi kọ ọ̀nà tí ẹ kọ. Dókítà tí yóò ṣí àpò náà lẹ́yìn ọdún 10 lè máà mọ̀ yín, fáìlì yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ ṣí.